Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Ìwé Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Tó Ní Ìyọ̀ǹda Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Báyọ́lọ́jì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ SS2 ní Ṣakí. Ní sáà kan, ìwé báyọ́lọ́jì tó wà ní kíláàsì mi kò ju 6 lọ, méjì nínú wọn ò sì léèpo mọ́. Ẹnì kan wá fi PDF ìwé kan sórí gúrúùpù WhatsApp àwa olùkọ́. Inú wa dùn, kíá la ti pín in kiri. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, mo wá orí tó sọ̀rọ̀ nípa bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí lára, mi ò rí i. Ẹni tó fi fóònù ya ìwé náà ti fo ojú ewé 14. Ìwé olówó sì ni, òǹkọ̀wé rẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ya á. Èmi tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má jí iṣẹ́ ara wọn wò ni mo gbé ìwé jíjí dání níwájú wọn.

Ó dùn mí. Mo jókòó, mo wá ọ̀nà mìíràn, mo sì rí i pé ìwé ẹ̀kọ́ tó pé, tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kọ, tí àwọn fúnra wọn sì kọ ọ́ síwájú ìwé pé kí ẹnikẹ́ni gbà á, kó tẹ̀ ẹ́, kó túmọ̀ rẹ̀, pọ̀ lóde ju bí mo ṣe rò lọ. Níbi ìpàdé kan tí UNESCO ṣe ní Páríìsì ní 2002 ni wọ́n ti sọ irú ohun ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní Open Educational Resources. OER ni ẹ ó máa rí lórí ìkànnì. Bí mo ṣe ń wá a, tí mò ń yẹ̀ ẹ́ wò, títí tó fi ń dé ọwọ́ ọmọ, ni mo fẹ́ là sílẹ̀ fún yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wo ìyọ̀ǹda kí ẹ tó wo ìwé

Ọ̀fẹ́ túmọ̀ sí pé ẹ ò sanwó. Ìyọ̀ǹda ni ọ̀rọ̀ tí ẹni tó ni ìwé sọ nípa ohun tí ẹ lè fi ṣe. Ìwé lè wà lórí ìkànnì láti kà lọ́fẹ̀ẹ́, kó má sì ní ìyọ̀ǹda kankan. Tí ẹ bá ṣe fọ́tòkọ́pì irú rẹ̀ fún odindi kíláàsì, oko olóko lẹ wọ̀ yẹn. Ìdí nìyí tí mi ò fi ń bẹ̀rẹ̀ láti orí kìíní mọ́. Ojú ewé tó tẹ̀lé èèpo ìwé ni mo máa ń kọ́kọ́ ṣí, níbi tí wọ́n ń kọ ọdún àti orúkọ atẹ̀wé sí. Lórí ìkànnì, ìsàlẹ̀ pátápátá ló máa ń wà. Lẹ́tà méjì péré ni mò ń wá níbẹ̀: CC.

CC yìí ni Creative Commons, àjọ kan tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2001. Oríṣi ìyọ̀ǹda mẹ́fà ni wọ́n ní, lẹ́tà tó bá sì tẹ̀lé CC ló ń sọ àdéhùn fún yín. BY ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà, ó sì wà nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Tí ẹ bá rí CC BY láìsí lẹ́tà mìíràn, ẹ yọ̀: ẹ lè tẹ̀ ẹ́, ẹ lè gé e, ẹ lè túmọ̀ rẹ̀, kódà ẹ lè tà á, ẹ ṣá ti dárúkọ onítọ̀hún kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ yí padà. SA túmọ̀ sí pé bí ẹ bá tún un ṣe, irú ìyọ̀ǹda kan náà ni kí ẹ fi sórí tiyín. NC ní kí ẹ má fi ṣòwò. ND ní kí ẹ má pín in fún ẹnikẹ́ni lẹ́yìn tí ẹ bá ti yí i padà.

Ẹ ṣọ́ra gan-an fún ND. Ó mú mi lẹ́ẹ̀kan. Mo rí ìwé tó dára, mo rò pé títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá kì í ṣe yíyí padà, torí ọ̀rọ̀ kan náà ló ṣì ń sọ. Yíyí padà ni. Mo ti túmọ̀ ojú ewé 9 kí n tó mọ̀, kò sì sí ẹni tí mo lè pín in fún.

NC náà máa ń dá ìbéèrè kan sílẹ̀. Olùkọ́ ò fi ìwé ṣòwò, ṣùgbọ́n ẹni tó ní ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì ní ìta ilé ìwé ń gbowó lórí ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ṣé kò ti di òwò báyẹn? Wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Great Minds, tó ń ṣe ìwé ìṣirò fún àwọn ilé ìwé, pe FedEx, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, lẹ́jọ́ pé ó ń gbowó lórí dída ìwé wọn tó ní CC BY-NC-SA kọ. Ní 2018, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní FedEx kò jẹ̀bi: ilé ìwé ló ń lo ìwé náà, kò sì lò ó fún èrè, ẹni tó tẹ̀ ẹ́ gba owó iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni. Ilé ẹjọ́ Nàìjíríà kọ́ ló dá a, ṣùgbọ́n ó jẹ́ ká mọ bí ilé ẹjọ́ ṣe lè wo ìyọ̀ǹda náà. Èmi máa ń sọ iye tí fọ́tòkọ́pì jẹ́ fún àwọn ọmọ bó ṣe wà gẹ́lẹ́, mi ò fi kọ́bọ̀ kan lé e. Bí ilé ìwé bá fẹ́ jèrè lórí rẹ̀, ìwé tó ní NC kọ́ ni kí wọ́n lò.

Ìwé tí kò bá ní CC rárá, tí wọ́n kọ “All rights reserved” sí, kíkà lásán ni. Èyí tó yàtọ̀ sí i ni ìwé àwọn tó ti kú tipẹ́. Nínú òfin Nàìjíríà, tí òǹkọ̀wé bá ti kú fún 70 ọdún, ìwé rẹ̀ ti di ti gbogbo ayé. Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther kú ní 1891, nítorí náà gírámà àti ìwé atúmọ̀ èdè Yorùbá tó ṣe kò sí lábẹ́ ẹnikẹ́ni mọ́, ẹ sì lè rí wọn lórí Internet Archive, ilé ìkówèésí kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Lórí Internet Archive yẹn kan náà, àwọn ìwé mìíràn wà tí wọ́n kọ “Borrow” sí. Yíyá ni wọ́n ń yá yín, kò túmọ̀ sí pé ẹ lè tẹ̀ wọ́n.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ lọ síbi tó bá kíláàsì yín mu

Ẹ má kọ́kọ́ sáré lọ sórí Google. Àwọn ilé ìkówèésí kan wà tó jẹ́ pé ohun tó ní ìyọ̀ǹda nìkan ni wọ́n ń kó jọ, ibẹ̀ ni mo máa ń ti bẹ̀rẹ̀.

Fún àwọn ọmọ kékeré, ìkànnì méjì tó wù mí jù ni African Storybook, tí àjọ Saide bẹ̀rẹ̀ ní Gúúsù Áfíríkà, àti StoryWeaver, tí Pratham Books ti ilẹ̀ Íńdíà ṣí ní 2015. Ìtàn tó ní àwòrán ló kún ibẹ̀, ọ̀rọ̀ díẹ̀ lójú ewé kọ̀ọ̀kan. Yorùbá wà nínú èdè tí ẹ lè yàn ní ìkànnì méjèèjì. StoryWeaver pín ìtàn rẹ̀ sí ìpele mẹ́rin, láti orí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà dé orí ẹni tó ti lè dá kà á. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ń wá bí òun ṣe máa kọ́ni, kì í ṣe ìwé ọmọ, ẹ jẹ́ kó wá TESSA. Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn olùkọ́ni láti ilẹ̀ Áfíríkà ló jọ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2005. Ìwé kíkà, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, ìmọ̀ àwùjọ àti ìmọ̀ ìgbé-ayé ló kó jọ, ó sì wà ní Faransé pẹ̀lú, kí àwọn ará wa ní Kétu àti Sábẹ̀ẹ́ má bàa rò pé kò kàn wọ́n.

Fún sẹ́kọ́ńdìrì, Siyavula ni mo máa ń darí àwọn olùkọ́ ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísírì sí. Gúúsù Áfíríkà ni tiwọn náà, ìjọba ibẹ̀ sì ti tẹ ìwé wọn pín fún àwọn ilé ìwé. Grade 10 dé 12 wọn súnmọ́ SS1 dé SS3 tiwa. Ohun kan wà níbẹ̀ tó yẹ kí ẹ mọ̀: ìwé kan náà ni wọ́n gbé síta lọ́nà méjì. Èyí tó ní àmì àwọn onígbọ̀wọ́ lára jẹ́ CC BY-ND. Èyí tí kò ní àmì jẹ́ CC BY. Èyí tí kò ní àmì ni kí ẹ mú, torí ẹ máa fẹ́ yí i padà. Ibi tí wọ́n ti ń kọ́ni ní èlé owó, rand, owó Gúúsù Áfíríkà, ló kún ibẹ̀, ọmọ Ṣakí ò mọ rand. Ọ̀rẹ́ mi tó ń kọ́ ìṣirò yí gbogbo rẹ̀ sí náírà, ó sì fi àjọ àwọn ìyá ọlọ́jà rọ́pò báńkì.

OpenStax ni èmi ń lò fún báyọ́lọ́jì. Rice University ní ìlú Houston ló ni ín, 2012 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé ìwé jáde lábẹ́ orúkọ yẹn. Báyọ́lọ́jì, físíìsì, kẹ́mísírì, ọrọ̀ ajé, ìmọ̀ nípa ara ènìyàn, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Ọmọ yunifásítì ni wọ́n kọ wọ́n fún, ṣùgbọ́n wọ́n ní èyí tó fúyẹ́, Concepts of Biology, tí ọmọ SS2 lè lò bí olùkọ́ bá tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ ò ní láti forúkọ sílẹ̀ kí ẹ tó gba PDF. Kì í ṣe gbogbo ìwé wọn ló ní ìyọ̀ǹda kan náà o: Concepts of Biology tí mo gbà jẹ́ CC BY, ìwé Calculus wọn sì ní NC àti SA. Ẹ wo ti ọwọ́ yín.

Àwọn tó wà ní yunifásítì tún lè yà sí LibreTexts, tó bẹ̀rẹ̀ láti ara kẹ́mísírì ní University of California, Davis, àti Open Textbook Library ti University of Minnesota, níbi tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ti ń kọ èrò wọn sábẹ́ ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka àwọn èrò yẹn, wọ́n máa ń sọ ibi tí ìwé kù sí. MIT OpenCourseWare, ti yunifásítì MIT ní Amẹ́ríkà, ní nóòtù àti ìdánwò tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn. Nílé níbí, NOUN (National Open University of Nigeria) gbé ìwé ẹ̀kọ́ wọn sórí ìkànnì wọn ní PDF, ẹ sì ka ojú ewé ìwájú kọ̀ọ̀kan láti mọ ohun tí wọ́n gbà kí ẹ ṣe. Ẹni tó wà lókè òkun tó fẹ́ kọ́ ọmọ rẹ̀ ní Yorùbá, kó wá Yorùbá Yé Mi tí University of Texas ní Austin gbé jáde. Ohùn wà níbẹ̀ láti gbọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: tí ẹ ò bá rí i níbẹ̀, ẹ wá a sórí Google

Ẹ kọ orúkọ ohun tí ẹ ń wá, ẹ fi “CC BY” sí i pẹ̀lú àmì àyọlò, ẹ wá fi filetype:pdf parí rẹ̀. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá: osmosis lesson “CC BY” filetype:pdf. Fún àwòrán, ẹ lọ sí Google Images, ẹ tẹ Tools, lẹ́yìn náà Usage Rights, kí ẹ yan Creative Commons. Síbẹ̀ ẹ ṣí ojú ìwé tí àwòrán ti wá, torí Google máa ń ṣi í mú nígbà mìíràn. Wikimedia Commons, ìkànnì tó ń kó àwòrán tó ní ìyọ̀ǹda jọ, dá mi lójú jù ú lọ, ìyọ̀ǹda àwòrán kọ̀ọ̀kan wà lábẹ́ rẹ̀.

Bí ojú ìwé kan bá ní bọ́tìnnì “Download” mẹ́rin tó ń tàn yinrin, ẹ jáde. Orúkọ fáìlì ìwé kì í parí sí .apk tàbí .exe, ètò tó ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà nìyẹn. Ìkànnì tó bá ní kí ẹ kọ nọ́ńbà káàdì ATM yín kí ẹ tó gba ìwé ọ̀fẹ́, ẹ mọ ohun tó ń wá.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ gbé e ka iwájú síláábọ́ọ̀sì, kí ẹ sì tún un ṣe

Ibí yìí ni iṣẹ́ wà, ibí yìí náà sì ni adùn rẹ̀. Ìwé tí ẹ rí kò mọ Wáẹ́ẹ̀kì, kò sì mọ ọmọ yín. Mo máa ń tẹ́ síláábọ́ọ̀sì WAEC sílẹ̀ lápá òsì, mo á ṣí àkóónú ìwé lápá ọ̀tún, mo á wá máa fi bírò mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibi tí méjèèjì bá ti bára mu nìkan ni mo máa ń gé. Mi ò tẹ odindi ìwé rí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan hàn yín. Nínú Concepts of Biology, níbi tí wọ́n ti ń ṣàlàyé bí ẹ̀dá kan ṣe ń jẹ ẹ̀dá kejì, tí à ń pè ní ẹ̀wọ̀n oúnjẹ, adágún omi Ontario tó wà láàárín Amẹ́ríkà àti Kánádà ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Ohun aláwọ̀ ewé tó ń hù nínú omi ló wà nísàlẹ̀, ẹ̀dá oníkarahun bí ìgbín ń jẹ ẹ́, ẹja kékeré kan ń jẹ ìyẹn, ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní salmon ló sì wà lókè. Àlàyé náà dáa, kò sí àléébù nínú rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á fún àwọn ọmọ, wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, wọ́n panu mọ́. Mo lọ sílé, mo yọ adágún náà kúrò, mo fi ọ̀dàn tó wà lẹ́yìn ilé ìwé wa sí i: koríko, tata, alángbá, àwòdì. Bí mo ṣe kọ àwòdì sójú pátákó tán ni ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè pé àwòdì tún ń gbé òròmọdìẹ, ṣé ó lè wà nínú ẹ̀wọ̀n méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Ìbéèrè yẹn ló gbé wa dé ẹ̀kọ́ ọjọ́ kejì, níbi tí àwọn ẹ̀wọ̀n ti ń so kọ́ra di àwọ̀n. Tí ìwé náà bá jẹ́ ND ni, mi ò bá má lè pín ojú ewé yẹn fún wọn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ gbà á, ẹ tọ́jú rẹ̀

Ìwé tó ní àwòrán púpọ̀ máa ń wúwo, nítorí náà ẹ wo bó ṣe tóbi tó kí ó tó jẹ dáta yín tán. Tí ìkànnì bá gbà yín láyè láti mú orí kan péré, ẹ mú un. Èmi máa ń lo dáta òru. Bí fáìlì bá ti wọlé, ẹ pa orúkọ rẹ̀ dà lójú ẹsẹ̀: orúkọ ìwé, ẹni tó ṣe é, àti ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ó gbà mí ní ọ̀sán kan gbáko láti wá ibi tí mo ti rí fáìlì kan tó ń jẹ́ “document(3)”, mi ò sì rí i dòní.

Ilé ìwé tó bá ní kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè ṣe ju èyí lọ. Kolibri, tí àjọ Learning Equality ṣe, ń kó ẹ̀kọ́ sórí kọ̀ǹpútà kan, àwọn fóònù àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí á wá máa fi Wi-Fi kà á láìlo dáta. Ẹ̀ẹ̀kan ni ẹ ó nílò íntánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí ẹ bá ń kó o. Kiwix náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Wikipedia, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù tí kò lówó lórí púpọ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ dárúkọ ẹni tó ni ín

Ohun mẹ́rin ni kí ẹ kọ: orúkọ ìwé, òǹkọ̀wé, ibi tí ẹ ti rí i, àti ìyọ̀ǹda rẹ̀. Bí ẹ bá yí nǹkan padà, ẹ sọ ọ́. Èyí ni mo máa ń kọ sísàlẹ̀ tèmi:

“A mú un láti inú Concepts of Biology, tí Samantha Fowler, Rebecca Roush àti James Wise kọ, OpenStax, ìyọ̀ǹda CC BY 4.0. A ti yí àwọn àpẹẹrẹ padà. Ẹ lè ka ojúlówó rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ní openstax.org.”

OpenStax tún béèrè pé tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé, kí ìlà tó sọ ibi tí a ti lè kà á lọ́fẹ̀ẹ́ wà ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi sísàlẹ̀ ojú ewé ní Word, á máa tún ara rẹ̀ kọ. Èèpo ìwé wọn àti àmì ìdánimọ̀ wọn kò sí nínú ìyọ̀ǹda náà, ẹ má fọ́tòkọ́pì wọn mọ́ ọn.

Ìgbésẹ̀ keje: ẹ túmọ̀ ọ̀kan sí Yorùbá

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtàn ọmọdé. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí StoryWeaver tàbí African Storybook, ẹ yan ìtàn, ẹ yan Yorùbá, wọ́n á gbé àwòrán sílẹ̀ pẹ̀lú àyè tí ẹ máa kọ ọ̀rọ̀ sí. Fún àmì ohùn, ẹ lọ sínú Gboard lórí fóònù yín, ẹ fi Yorùbá kún èdè rẹ̀. Ẹ má fi àmì sílẹ̀ torí pé ó ń fa ọwọ́ sẹ́yìn. Ọmọ ọdún mẹ́fà tó rí “ilu” kò ní mọ̀ bóyá ìlú ni tàbí ìlù.

Ẹ má sì tẹ̀lé Gẹ̀ẹ́sì lẹ́sẹẹsẹ. Mo pàdé gbólóhùn kan tó ní ọmọbìnrin náà gbé omi sórí rẹ̀ ó sì ń lọ sílé. Mo kọ́kọ́ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo wá kà á sókè fún ìyá mi. Ó ní, “Ṣé kò kúkú ru omi lọ sílé ni?” Ó ru omi lọ sílé. Orí ti wà nínú rírù. Látìgbà náà, mi ò jẹ́ fi ìtumọ̀ kankan ránṣẹ́ láì kọ́kọ́ kà á sétí àgbà kan.

Tí ẹ bá ti tún ìwé kan ṣe, ẹ kọ ìyọ̀ǹda sórí tiyín náà, kí ẹ sì pín fáìlì Word rẹ̀ pẹ̀lú PDF. PDF nira láti tún ṣe. Olùkọ́ tó wà ní Ẹ̀pẹ́ máa fẹ́ yọ tata àti àwòdì mi kúrò, kó fi edé àti ẹja ọ̀sà sí i.